Ọmọ wa fẹ́ fi yunifásítì sílẹ̀ wọ draft NFL ní January: kí la gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò?

Ìbéèrè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí. Maryland là ń gbé, ibí náà la bí ọmọ wa sí. Ó ti pé ọmọ ọdún 21, ọdún kẹta rẹ̀ nìyí ní yunifásítì, football Amẹ́ríkà ló ń gbá, defensive end (ẹni tó ń lé ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù) ni. Ọdún yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í ṣe starter, ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ eré. Láti October ni fóònù bàbá rẹ̀ kò ti sinmi. Aṣojú (agent) kan ní round kejì ni wọ́n máa ti mú un nínú draft, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ NFL ti ń yan ọmọ tuntun ní ìpele-ìpele (round), bó bá jáde ní January. Òmíràn ní ó lè wọ round kìíní pàápàá. Kóòṣì rẹ̀ ní kó dúró, pé ilé ẹ̀kọ́ máa fi kún owó tí wọ́n ń san fún un. Bàbá rẹ̀ ní òun kò fẹ́ gbọ́ draft létí títí ọmọ á fi gba dìgírì. Kírẹ́díìtì 27 ló kù kó parí. Kí la máa wò ká tó dá a lóhùn? Bó bá jáde tí ẹgbẹ́ kankan ò mú un, ṣé ó lè padà? Èló gan-an là ń sọ? Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa là á yé wa.

Ìdáhùn

Ẹ kú àìsùn ọmọ, Mà. Èyí tó léwu jù nínú ohun tí ẹ béèrè ni kí n kọ́kọ́ dáhùn: kò lè padà. Ọ̀pọ̀ òbí wa ń fi ti basketball wò ó, torí pé níbẹ̀, ọmọ tí wọn ò mú nínú draft NBA ṣì lè rí ọ̀nà padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ti football yàtọ̀. Bí gbèdéke àárín January bá ti kọjá tí orúkọ rẹ̀ wà nílé NFL, wákàtí 72 péré ló kù fún un láti yí ọkàn padà, kó sì kọ̀wé sí athletic director (ọ̀gá eré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́) pé òun ń padà bọ̀. Bó bá ti buwọ́ lùwé pẹ̀lú aṣojú, kódà wákàtí 72 yẹn kò sí fún un mọ́. Nítorí náà, ohunkóhun tí ẹ bá máa ṣe, kó má buwọ́ lu ìwé aṣojú kankan kí ìdáhùn méjì tó dé: ti Ìgbìmọ̀ NFL, àti ti dókítà.

Ti òfin kò le. Ọdún mẹ́ta gbọ́dọ̀ ti kọjá lẹ́yìn tí kíláàsì rẹ̀ jáde ní high school, ọdún redshirt (èyí tó wà nínú ẹgbẹ́ ṣùgbọ́n tí wọn kò kà mọ́ ọdún eré rẹ̀) sì wà nínú ìṣirò náà, torí náà ọmọ yín ti tó o wọ̀. Ìwé ni wọ́n fi ń wọlé, ó gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì NFL kí gbèdéke tó pé. Àwòrán tó gbé sórí Instagram pẹ̀lú orin kì í ṣe ìwé. Ẹ béèrè ọjọ́ náà gan-an lọ́wọ́ ọ́fíìsì compliance (tó ń rí sí òfin eré ìdárayá) nílé ẹ̀kọ́ rẹ̀, torí ó máa ń sún síwá sẹ́yìn lọ́dọọdún, wọ́n sì lè fi ọjọ́ díẹ̀ kún un fún àwọn tí ẹgbẹ́ wọn bá dé àṣekágbá.

Ìgbìmọ̀ tí mo mẹ́nu bà ni wọ́n ń pè ní College Advisory Committee. Àwọn tó ń yan agbábọ́ọ̀lù fún àwọn ẹgbẹ́ NFL ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn iléeṣẹ́ scout, tó ń wo àwọn ọmọ tó mọ eré. Ilé ẹ̀kọ́ ló ń fi orúkọ ọmọ ránṣẹ́, kì í ṣe òbí, ọ̀fẹ́ sì ni. Ìdáhùn mẹ́ta péré ni wọ́n ń fúnni: ó lè dé round kìíní, ó lè dé round kejì, tàbí kó padà sílé ẹ̀kọ́. Láti 2014 ni wọ́n ti fi í mọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ márùn-ún ni ilé ẹ̀kọ́ kan sábà máa ń lè béèrè fún, àyàfi bí NFL bá gbà á láyè láti fi kún un. Fún ìdí yìí, ẹ bi kóòṣì ní tààràtà pé: ṣé orúkọ ọmọ wa wà lára àwọn tí ẹ ń fi ránṣẹ́? Bó bá ní kò sí, ìdáhùn yẹn fúnra rẹ̀ ti ń sọ ibi tí wọ́n gbé e sí. Bó bá ní ó wà, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ìdáhùn náà han ọmọ fúnra rẹ̀, kó má jẹ́ ẹnu kóòṣì nìkan ni yóò ti gbọ́ ọ.

Ẹ wo ipò tí àwọn tó ń bá yín sọ̀rọ̀ wà. Aṣojú kò rí owó kankan lára ọmọ tó bá dúró. Kóòṣì náà kò rí eré gbá pẹ̀lú ọmọ tó bá lọ. Mi ò sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa, àmọ́ nínú gbogbo wọn, Ìgbìmọ̀ nìkan ni kò ní èrè níbi tí ọmọ yín bá gbà lọ. Èmi á fi ọ̀rọ̀ wọn ṣáájú ti aṣojú mẹ́wàá.

Dókítà ló kàn. Ní Combine, ibi tí àwọn ẹgbẹ́ NFL ti ń dán àwọn ọmọ wò kí draft tó dé, ní Indianapolis, nǹkan bí 300 ọmọ ni wọ́n máa ń pè, sáré 40-yard sì ni gbogbo ayé ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ torí rẹ̀ lọ jù ni àyẹ̀wò ara: X-ray, MRI, dókítà ẹgbẹ́ 32 tí wọ́n ń tẹ orúnkún àti èjìká ọmọ. Azeez Ojulari jáde ní yunifásítì Georgia láìtíì lo gbogbo ọdún rẹ̀ tán, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń retí pé round kìíní ni. Ọ̀rọ̀ orúnkún rẹ̀ ló gbé e dé ipò 50 ní round kejì ní 2021. Nítorí náà, ẹ gba gbogbo ìwé ìṣègùn ọmọ yín nílé ẹ̀kọ́ nísinsìnyí, fíìmù MRI pẹ̀lú, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn egungun tí kò bá ilé ẹ̀kọ́ tàbí aṣojú kankan ṣiṣẹ́. Bó bá ní ọgbẹ́ tí kò tíì jiná, January ti yá jù. Ìmúrasílẹ̀ fúnra rẹ̀ náà ní ewu tirẹ̀: ìgbà tí Dayo Odeyingbo ti Vanderbilt ń múra draft ni iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ rẹ̀ já ní January 2021. Ẹgbẹ́ Colts ṣì mú un ní round kejì, nítorí ohun tó ti ṣe lórí pápá pọ̀ tó láti gbà á sílẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọdún kan ṣe starter kò ní irú fíìmù eré bẹ́ẹ̀ nílẹ̀.

Ó kan owó wàyí. Láti 2011 ni àdéhùn ọmọ tuntun ti ní òṣùwọ̀n. Ipò tí wọ́n bá ti mú ọmọ ló ń sọ iye tó máa gbà, aṣojú kò lè fi bẹ́ẹ̀ fi kún un. Ọdún mẹ́rin ni fún gbogbo ẹni tí wọ́n mú, ẹgbẹ́ sì lè fi ọdún karùn-ún kún ti round kìíní. Ẹni tí wọ́n mú ní round kìíní, owó rẹ̀ ti dájú bó tilẹ̀ farapa. Láti round kẹta lọ sísàlẹ̀, owó ìbuwọ́lùwé lẹ ó gbára lé. Ìyókù, ọjọ́ tí wọ́n bá lé e ló parí. Ní nǹkan bí ipò 100, owó ìbuwọ́lùwé kì í jìnnà sí mílíọ̀nù kan dọ́là. Ní round keje ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 100,000. Ẹni tí wọn ò mú lè rí ẹgbẹ́ tó máa fún un ní àdéhùn ọdún mẹ́ta tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìdánilójú kankan nínú rẹ̀. Ní 2025, ọmọ tuntun tó bá wà nínú àwọn 53 tó jẹ́ ẹgbẹ́ gan-an látìbẹ̀rẹ̀ dópin gba ó kéré tán 840,000 dọ́là; tó bá jẹ́ practice squad (àwọn tó kàn ń bá ẹgbẹ́ dánra wò), 13,000 lọ́sẹ̀ ni, wọ́n sì lè ní kó máa lọ ní Tuesday èyíkéyìí. Ẹ má gbàgbé owó orí, ìpínlẹ̀ tí wọ́n bá ti lọ gbá eré náà ń gba tirẹ̀.

Ẹ fi èyí wé owó tó wà nílé ẹ̀kọ́. Láti July 2021 ni wọ́n ti lè gba owó NIL (owó lórí orúkọ àti àwòrán wọn), àti láti 2025 ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ lè pín owó fún àwọn eléré, tó lè tó mílíọ̀nù 20.5 fún gbogbo eré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́ kan ní sáà 2025-26. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń jáde láìpé ọdún fi dínkù gan-an. Ó ju 100 lọ ní 2021, kò tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọmọ tí wọ́n máa mú ní round karùn-ún lónìí lè rí owó tó tó bẹ́ẹ̀ gbà nílé ẹ̀kọ́, kó sì tún ní àyè láti gòkè. Àmọ́ ìlérí kóòṣì kì í ṣe àdéhùn. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: iye rẹ̀, oṣù tí wọ́n ń san án, ohun tó ṣẹlẹ̀ bó bá farapa, àti bí kóòṣì náà fúnra rẹ̀ bá kúrò. Èyí tó bá ti ọ̀dọ̀ oníṣòwò wá tó sì tó 600 dọ́là, wọ́n gbọ́dọ̀ fi tó ètò NIL Go, tó ń yẹ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ wò, létí. Láti 2026, January 2 sí 16 ni wọ́n ń ṣí portal, ọ̀nà tí ọmọ fi ń yí ilé ẹ̀kọ́ padà, inú ọ̀sẹ̀ méjì kan náà ni gbèdéke draft sì bọ́ sí. Ẹ múra àwọn ìbéèrè yín sílẹ̀ ní December.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé dídúró kò ní ìpalára rárá o. Owó ńlá inú NFL ni ti àdéhùn kejì, ọmọ kò sì lè tún àdéhùn àkọ́kọ́ ṣe títí sáà kẹta á fi parí. Ẹni tó wọlé ní 21 á parí àdéhùn ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ ní 25. Ẹni tó wọlé ní 23 á parí tirẹ̀ ní 27. Fún running back (ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré), tí ara wọn tètè ń gbó, èmi kì í bá òbí jiyàn bó bá ní kó lọ. Ti defensive end yàtọ̀. Ọdún kan sí i máa ń fún wọn ní ìwọ̀n ara, ọwọ́ tó já fáfá, àti fíìmù. Ẹ ti gbọ́ ti Olumuyiwa Fashanu ti Penn State. Lẹ́yìn sáà 2022, wọ́n ń kà á mọ́ round kìíní, ó ní òun ń padà sílé ẹ̀kọ́. Ní 2024 ẹgbẹ́ Jets mú un ní ipò 11. Tackle (ẹni tó ń dáàbò bo ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù) ni òun, kì í ṣe defensive end, àmọ́ ó fi hàn pé ọdún kan kò lé owó náà lọ.

Bó bá dúró, ẹ bá adójútòfò sọ̀rọ̀. Ọ̀nà méjì ló wà: èyí tó ń sanwó bí kò bá lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́ láé, àti èyí tí wọ́n ń pè ní loss of value, tó ń sanwó bí ìfarapa bá jẹ́ kó já wálẹ̀ ju ipò tí wọ́n kọ sínú ìwé lọ. Ẹ bi ilé ẹ̀kọ́ bóyá wọ́n lè san owó rẹ̀. Ibi tí ó ti ń bàjẹ́ ni ojú ewé tí wọ́n kọ ohun tí wọn ò ní sanwó fún sí: bí orúnkún òsì bá ti dùn ún rí, wọ́n lè yọ orúnkún òsì kúrò pátápátá.

Ní ti dìgírì, ẹ jẹ́ kí bàbá rẹ̀ wo ìṣirò yìí. Kírẹ́díìtì 27 jẹ́ 15 ní spring àti 12 ní summer, tàbí kó mú 9 ní summer, kó fi 3 tó kù sí fall. Bó bá dúró ọdún kan péré, dìgírì á ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí draft kejì tó dé, bàbá àti ọmọ á sì rí ohun tí wọ́n fẹ́. Bó bá lọ, ó ṣì lè mú kíláàsì méjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní spring, ẹ sì gba lẹ́tà lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ pé sikọ́láṣíìpù rẹ̀ ń dúró dè é fún ìyókù. Èyí ó wù kó ṣe, kó jókòó ṣe ìdánwò December. Àwọn ọmọ máa ń fò ó nítorí ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, F márùn-ún á sì jókòó sínú èsì wọn títí wọ́n á fi padà.

Bó bá wá di pé ó ń lọ, ẹ yẹ orúkọ aṣojú wò lórí ìkànnì NFLPA, ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù NFL. 3 nínú ọgọ́rùn-ún ni òkè tó lè gbà lórí àdéhùn ẹgbẹ́, 1.5 ló sì wà nínú fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ bí ẹ kò bá kọ nǹkan míì. Ti ìpolówó ọjà ni ìwé ọ̀tọ̀, owó ibẹ̀ sì ga ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lẹ méjèèjì pọ̀. Ẹ béèrè ẹni tó ń san owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ilé gbígbé àti oúnjẹ láti January sí April, àti bóyá ọmọ á dá a padà bó bá lé aṣojú náà. Ó lè lé e pẹ̀lú ìwé ìfitónilétí ọjọ́ márùn-ún. Ẹ má buwọ́ lu power of attorney (ìwé tó ń fún ẹlòmíràn láṣẹ lórí ọ̀ràn rẹ̀) fún ẹnikẹ́ni. Bákan náà, kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí má gba owó mọ́tò tàbí owó ilé lọ́wọ́ ẹni tó ń tẹ̀ lé aṣojú kiri. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń di ẹni tí kò lè sọ pé rárá mọ́.

Èrò tèmi fún ọmọ yín nìyí: bí Ìgbìmọ̀ bá sọ round kìíní, tí dókítà yín kò sì rí nǹkan kan, kó lọ, kí bàbá rẹ̀ gba lẹ́tà sikọ́láṣíìpù náà. Bó bá jẹ́ round kejì, ẹ fi ìwé owó ilé ẹ̀kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ọmọ fúnra rẹ̀ pinnu. Bí wọ́n bá ní kó padà, kó padà.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin tí ọmọ yín wà lórí F-1 (fisa akẹ́kọ̀ọ́), torí ó máa ń ká òbí mọ́ lójijì. Ẹgbẹ́ NFL ló ń tọrọ fisa P-1 (ti eléré ìdárayá) fún un, kò sì sí ẹgbẹ́ kankan kí ìparí April tó dé. Bó bá fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní January láìparí, F-1 rẹ̀ ti bàjẹ́ láàárín oṣù wọ̀nyẹn. Kó forúkọ sílẹ̀ fún kírẹ́díìtì 12 ní spring, kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì kan péré ni wọ́n sì ń kà mọ́ ọn, èyí tó túmọ̀ sí pé ìtòsí ilé ẹ̀kọ́ ni yóò ti múra. Owó NIL náà lè kó bá fisa rẹ̀. Ẹ rí lọ́yà ìwọ̀lú kó tó gba kọ́bọ̀.