Eégbọn ara màlúù: ká fín in ni, àbí ká gún un lábẹ́rẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Màlúù mẹ́sàn-án ni mo ní, à ń fún wàrà mẹ́ta nínú wọn. Látìgbà tójò ti bẹ̀rẹ̀ ni eégbọn ti bò wọ́n. Fúlàní tó ń bá mi dà wọ́n ń fọwọ́ já a, á sì da kẹrosíìnì sójú ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n gún wọn ní ivermectin. Ẹni tó ń ta oògùn lọ́jà ní fínfín ló dáa. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? — Bàbá Oníwàrà, Ṣakí

ÌDÁHÙN: Bàbá, tẹni tó ń ta oògùn ni kẹ́ ẹ gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjà ara rẹ̀ ló ń pè.

Ivermectin ń ṣiṣẹ́, ó tún ń pa aràn inú mọ́ ọn. Èyí tó jẹ́ 1%, mílì kan fún kílò 50 tí màlúù bá wọ̀n, lábẹ́ awọ. Ṣùgbọ́n ó ń bá wàrà jáde, nítorí náà ẹ má gún àwọn mẹ́ta yẹn rárá. Èyí tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ tà fún Iléyá, ẹ jẹ́ kó lo ọjọ́ 35 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kí ọ̀bẹ tó kàn án.

Fọwọ́ já a? Eégbọn ńlá tẹ́sẹ̀ rẹ̀ ní ìlà funfun yẹn, ẹnu rẹ̀ gùn, ó sì ń wọnú awọ lọ. Bí wọ́n bá fà á já, ẹnu á ṣẹ́ kù síbẹ̀, á di egbò, eṣinṣin á sì bà lé e. Kẹrosíìnì ní tiẹ̀ ń jó awọ. Ọ̀ta-piapia ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e dé ìdí ẹran. Ó ń pa màlúù, ó ń pa ẹni tó ń fín in.

Oògùn tẹ́ ẹ máa fín ni amitraz: èyí tó jẹ́ 12.5%, mílì 20 sínú omi lítà 10. Ibi táwọn èèyàn ti ń bà á jẹ́ nìyí: ẹ̀yìn màlúù ni wọ́n ń fín, á máa dán, inú wọn á dùn. Eégbọn ò sí níbẹ̀! Abẹ́ ìrù, ìdí ọmú, abíyá, inú etí, àárín pátákò, ibẹ̀ ló kó sí. Kí ẹnì kan gbé ìrù sókè, kí ẹnì kejì máa fín in títí omi á fi máa kán sílẹ̀. Fínfín àgbà màlúù kan á gba tó lítà mẹ́ta. Ẹ kọ́kọ́ fún wàrà tán, ẹ fọ ọmú dáadáa kẹ́ ẹ tó tún fún un, kẹ́ ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò nípa wàrà. Ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ń fín oògùn pakoríko kọ́ lẹ máa lò o. Bí ẹṣin bá wà ní gàá, kó má kàn án lára; ó ń dí ìfun ẹṣin.

Oògùn tí wọ́n ń dà sẹ́yìn màlúù láti ọrùn dé ìdí ìrù náà dáa, àmọ́ owó rẹ̀ pọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù, torí ẹ ò jìnnà sí ààlà. Ní nǹkan bí ọdún 2008 ni wọ́n rí eégbọn àjèjì kan ní Benin, Rhipicephalus microplus, tí màlúù tí wọ́n kó wá láti Brazil gbé dé. Kékeré ni, oògùn kì í sì í tètè ràn án. Bẹ́ ẹ bá fín ẹran yín bó ṣe yẹ, tẹ́ ẹ ṣì ń rí i tó ń rìn lọ́jọ́ kẹta, ẹ má fi kún oògùn o. Ẹ mú díẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ, kẹ́ ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko tó wà nítòsí.