Èsì: Avengers méjì tí kò bá ara wọn tan

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ ra àwo fíìmù Avengers ní Dùgbẹ̀, ẹ wò ó tán, ẹ ò rí Hulk, òmìrán aláwọ̀ ewé yẹn. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún yín? Rárá o. Orúkọ ló pa fíìmù méjì pọ̀.

Ti ọdún 1998 lẹ rà. Ralph Fiennes àti Uma Thurman ló ṣe amí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. Inú eré tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kan ní Ìlú Ọba ni wọ́n ti fà á yọ. Sean Connery ni ìkà tó fẹ́ sọ òjò àti oòrùn di ọjà. Ibì kan wà tí òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ jókòó ṣèpàdé nínú aṣọ béárì, oríṣiríṣi àwọ̀, gbogbo orí ti wọnú ẹ̀ pátá. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò dá mi lójú pé wọ́n fẹ́ kí n rín in. Kò tó wákàtí méjì, síbẹ̀ ó gùn lójú mi ju fíìmù kejì, tó kọjá wákàtí méjì, lọ.

Ti Hulk, Iron Man àti Thor, ọdún 2012 ló jáde, ilé iṣẹ́ Marvel ló ṣe é. Kódà, kí wọ́n má baà ṣì í mú fún eré tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ yẹn ní Ìlú Ọba, Marvel Avengers Assemble ni wọ́n pè é níbẹ̀.

Ẹ yí páálí àwo yẹn padà, ẹ wo lẹ́tà wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀, ẹ ó rí ọdún. Ẹ má bá ẹni tó tà á jà, ẹ kàn ní kó bá yín pààrọ̀ ẹ̀.