Bí A Ṣe Ń Ṣe Ọnà Sára Awọ Apá Tafàtafà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Bàtà àti báàgì ni mò ń rán n'Íbàdàn. Oníbàárà mi kan tó ń ta ọfà ní kí n bá òun ṣe awọ tí òun á máa dè mọ́ apá, kí okùn ọrun má baà máa nà án. Ó fẹ́ kí ọnà wà lára rẹ̀ dáadáa. Mo fi òǹtẹ̀ tẹ ọnà sára awọ bàtà tó wà nílẹ̀, àmọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ẹ̀ ti pa rẹ́. Ó tún ní kí n kan ìṣó idẹ wẹ́wẹ́ sí i kó lè máa dán. Ṣé kí n kàn án? Awọ wo ni kí n sì lò?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́ o. Ọ̀rọ̀ ìṣó idẹ yẹn ni mo máa kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló lè kó oníbàárà yín sí wàhálà. Ẹ má kàn án síbi tí okùn ń gbà. Bí tafàtafà bá ti jọ̀wọ́ okùn, inú apá tó fi di ọrun mú ni okùn náà máa ń sáré gbà, láàrin ọrùn ọwọ́ sí ìgúnpá. Bó bá kan awọ tó jọ̀lọ̀, á yọ̀ kọjá lọ. Bó bá kan orí ìṣó, owó ẹyọ tàbí ojú òwú tó yọ gọngọ, á há, ọfà á ṣìnà, fọ́nrán okùn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í já lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn àgbà iṣẹ́ yìí ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ní 1545, Roger Ascham, ará Gẹ̀ẹ́sì tó kọ̀wé lórí ọfà títa, sọ pé awọ apá kò gbọdọ̀ ní ìṣó, kò sì gbọdọ̀ ní irin bíi ti bẹ́líìtì; okùn ni kí wọ́n fi dè é. Ọdún yẹn náà ni Mary Rose, ọkọ̀ ogun Ọba Henry Kẹjọ, rì. Awọ apá àwọn tafàtafà wà lára ẹrù tí wọ́n kó jáde nínú rẹ̀ kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ náà sókè ní 1982, wọ́n sì wà ní ìlú Portsmouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dòní. Àmì ọba wà lára àwọn kan, òǹtẹ̀ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ wọnú awọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nìyẹn: kí ọnà wọ inú awọ lọ, kó má yọ síta.

Awọ bàtà tí ẹ lò, ó dá mi lójú pé kẹ́míkà króòmù ni wọ́n fi ṣe é. Ó rọ̀, kì í tètè mu omi, kì í sì í di ọnà mú. Ẹ gé etí rẹ̀ wò: bí inú rẹ̀ bá ní àwọ̀ eérú tàbí búlúù, króòmù ni. Èyí tí wọ́n fi èèpo tàbí èso igi ṣe máa ń pọ́n bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ̀kán omi kan á sì mú kó dúdú lójú ẹsẹ̀. Irú ẹ̀ ni kí ẹ wá, awọ màlúù tó nípọn tó mìlímítà 3.

Bí ẹ bá ti gé e tán, ẹ fi fóòmù tó ti mumi nu iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ má tíì gbé òǹtẹ̀. Ẹ dúró títí àwọ̀ rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, àmọ́ tí ẹ bá gbé e kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ á mọ̀ ọ́n ní tútù. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́. Bó bá rin jù, ojú ọnà á kún padà. Bó bá gbẹ jù, òòlù lásán lẹ̀ ń lù. Bó bá jẹ́ ọ̀bẹ lẹ fẹ́ fi fa ìlà, kó má jìn ju ìdá kan nínú mẹ́ta ìnípọn awọ lọ. Kó tó gbẹ tán, ẹ dì í mọ́ ìgò tó tóbi tó apá oníbàárà, kó gbẹ síbẹ̀ lábẹ́ ibòòji. Oòrùn àti iná á mú kó gan, á sì sán. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ máa pa á láró, kí ẹ tó fi ìda oyin ra á kí aró má baà ràn mọ́ aṣọ.

Ọgbọ́n kan tún wà tí mo fẹ́ràn ju òǹtẹ̀ lọ. Ẹ wá awọ ewúrẹ́ pupa tó ń ti Kánò wá, èyí tí wọ́n fi èso igi bàgàrúwà ṣe, tí wọ́n sì fi pòròpórò ọkà bàbà pa láró. Ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ awọ màlúù yẹn, torí ó fẹ́lẹ́ jù láti dá gba okùn dúró. Bó bá ti mú, ẹ fi ọ̀bẹ tó mú dáadáa la ìlà méjì sójú rẹ̀, kí ẹ wá rọra bó ojú pupa tó wà láàrin wọn kúrò. Àwọ̀ ìsàlẹ̀ tí kò pọ́n tó ti òkè á hàn, ọnà á yọ kedere, ọwọ́ ò sì ní kan ohunkóhun tó ga. Ní ti ọnà tí a ń gé awọ aláwọ̀ oríṣiríṣi lé ara wọn, irú tara làbà, ìyẹn àpò awọ àwọn oníṣàngó, ẹwà rẹ̀ pọ̀, àmọ́ etí rẹ̀ á gbé okùn. Ẹ̀yìn apá nìkan ni kí ẹ fi sí, kí ẹ sì fi ìṣó idẹ oníbàárà yín síbẹ̀ náà bí kò bá gbà kí ẹ má kàn án rárá.

Fún ìwọ̀n, ẹ wọn ọrùn ọwọ́ àti ibi tó ku ìka méjì kó dé ìgúnpá, kí apá lè ká. Ẹ fi àlàfo bíi sẹ̀ǹtímítà 4 sílẹ̀ lẹ́yìn apá fún okùn tí á fà á pọ̀, kí kókó rẹ̀ sì wà lẹ́yìn náà. Ẹ bi oníbàárà bóyá gbogbo ìgbà ni okùn ń nà án. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìgúnpá rẹ̀ ló yọ wọ ọ̀nà okùn, kó yí i síta díẹ̀. Awọ nìkan ò lè wo ìyẹn sàn.

Kí ẹ tó gbé iṣẹ́ fún un, ẹ fa ìbọ̀sẹ̀ obìnrin tó fẹ́lẹ́ kọjá lórí awọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta. Ibikíbi tó bá ti fà á, ẹ fi sáńpépà họ ọ́ títí kò fi ní fà á mọ́.