Òkúta funfun tó ń dán lóko yín, quartz ni

Àbúrò mi, o ní o wú òkúta funfun kan tó ń dán lóko yín nítòsí Ṣábẹ̀, pé ẹnì kan fi ha ìgò lójú rẹ, ìgò náà sì lápá, ló bá ní dáyámọ́ńdì ni, kí o mú owó àyẹ̀wò wá. Jọ̀ọ́, má fún un ní kọ́bọ̀. Quartz lo rí, irú òkúta líle kan tó wọ́pọ̀.

Iṣẹ́ kànga ni mò ń ṣe ní agbègbè yìí, òkúta yẹn ló sì ń jẹ irin iṣẹ́ mi jù. Ìgò tó lápá yẹn kò fi nǹkan kan hàn. Nínú òṣùwọ̀n líle tí Mohs, ará Jámánì, gbé kalẹ̀ ní 1812, quartz wà ní 7, dáyámọ́ńdì wà ní 10, ìgò ò ju bíi 5 àbọ̀ lọ. Àwọn méjèèjì ló máa ha á. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ wa nìyẹn, ó sì ń dùn mí gan-an.

Ojú ibi tó ti fọ́ ni kí o wò. Bí o bá fẹ́ fi òòlù lù ú, bo ojú rẹ, kí o sì da omi sí i kí eruku má gbéra. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, kò sì ní àtúnṣe. Ẹ sọ fún àwọn ìyá wa tó ń fọ́ òkúta lẹ́bàá títì.

Quartz kì í là pẹrẹsẹ. Ojú rẹ̀ máa ń tẹ̀ kòtò bí èéfọ́ ìdí ìgò. Dáyámọ́ńdì ń là pẹrẹsẹ ní tirẹ̀. Feldspar náà ń là bẹ́ẹ̀, òkúta mìíràn tó wà pẹ̀lú quartz nínú àwọn òkè olókùúta Ṣábẹ̀. Òjò a máa sọ feldspar di amọ̀ díẹ̀díẹ̀. Quartz ló ń ṣẹ́kù, tí àgbàrá ń gbé lọ, tó ń di yanrìn tí a fi ń po sìmẹ́ǹtì. Ohun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò lè gbówó lórí.

Wúrà a máa wà nínú rẹ̀ nígbà mìíràn lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù kò ní nǹkan kan nínú.

Inú tèmi máa ń dùn bí mo bá bá a pàdé nísàlẹ̀ kànga, tó ti sán káàkiri, torí inú ibi tó sán yẹn lomi ń gbà. Ṣé ẹyọ kan lo rí ni, àbí ó tò lọ gbọọrọ lórí ilẹ̀? Bó bá tò lọ, tí ẹ sì ń wá ibi tí ẹ máa gbẹ́ kànga sí, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.