Ṣé wọ́n lè tì mí mọ́lé torí ohun tí mo kọ sórí Facebook?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí ní Òṣogbo. Mo ra àǹkárá aṣọ ẹbí lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rẹ ẹyọ kan sómi kí n tó gé e bí mo ṣe máa ń ṣe, àfi bí omi inú báàfù ṣe dúdú bí aró, aṣọ wá ṣí ràkọ̀ràkọ̀. Mo pè wọ́n, wọn ò gbé e. Mo ya fọ́tò báàfù náà, mo gbé e sí Facebook pé aṣọ ibẹ̀ ń ṣí, ẹ má rà á. Ọjọ́ kẹta ni ọlọ́pàá pè mí pé kí n wá sí tẹ́ṣàn, wọ́n ní ẹ̀sùn cyberstalking ni, pé mò ń yọ èèyàn lẹ́nu lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mi ò lè jẹun mọ́. Ṣé kí n yọ pósítì náà ni?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá wa. Ẹ kọ́kọ́ jẹun, torí ọ̀rọ̀ yìí ò rí bí ẹni tó pè yín ṣe gbé e kalẹ̀.

Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 ni wọ́n ń sọ, abala 24 inú ẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nígbà yẹn, tẹ́ ẹ bá gbé ohun tẹ́ ẹ mọ̀ pé irọ́ ni síta láti fi bí èèyàn nínú, tàbí láti fi bú u, ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 3 ni tàbí fáìnì tó lè tó mílíọ̀nù 7 náírà, tàbí méjèèjì pọ̀. Kí èèyàn ṣẹ̀wọ̀n torí inú bí ẹnì kan! Bó ṣe di pàṣán lọ́wọ́ àwọn alágbára nìyẹn. Ní July 2020 ilé ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ pé abala yẹn tẹ ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ mọ́lẹ̀, kí Nàìjíríà tún un ṣe, ó sì lé lọ́dún mẹ́ta kí ìjọba tó dáhùn, February 2024 ni Ààrẹ Tinubu tó buwọ́ lu àtúnṣe. Ní báyìí, yàtọ̀ sí àwòrán ìṣekúṣe, irọ́ tẹ́ ẹ mọ̀ pé irọ́ ni, tẹ́ ẹ fi fẹ́ da ìlú rú tàbí tó fi ẹ̀mí èèyàn sínú ewu, ló kù nínú apá tí wọ́n tún ṣe yẹn. Bíbí nínú ti jáde, èébú náà ti jáde. Àǹkárá tó ṣí ò da ìlú rú, kì í sì í ṣe irọ́, omi aró ṣáà wà nínú fọ́tò.

Àmọ́ mi ò ní tàn yín, àwọn ọlọ́pàá kan ṣì ń lo òfin yìí bíi ti àtijọ́. Àtúnṣe yẹn ò tíì pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi mú Daniel Ojukwu, oníròyìn iléeṣẹ́ ìròyìn FIJ, ní May 2024, ó sì lé lọ́sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wọn. Ó dùn mí gan-an, torí ẹni tó bá ti sun tẹ́ṣàn ti jìyà ná kí kóòtù tó gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀.

Torí náà ẹ má dá lọ. Ẹ mú lọ́yà dání, tí owó ò bá sí, ẹ lọ bá Legal Aid Council, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n gba ẹjọ́ ẹni tí ò lówó. Abala 35 inú ìwé òfin ilẹ̀ wa ní ẹ lè pa ẹnu mọ́ títí lọ́yà yín á fi dé, tí wọ́n bá sì mú yín, kí wọ́n kọ ìdí ẹ̀ fún yín láàárín wákàtí 24 lédè tẹ́ ẹ gbọ́, Yorùbá náà ńkọ́! Níbi tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti fi gbé yín dé iwájú adájọ́, kóòtù sì wà ní Òṣogbo. Tí wọ́n bá ti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ dè yín, ẹ má fọwọ́ sí i.

Pósítì ńkọ́? Ní tèmi, ẹ fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti pè wọ́n ní olè tàbí oníjìbìtì lábẹ́ ẹ̀, ìyẹn ni kẹ́ ẹ yọ, torí ẹ rí aṣọ tó ṣí, ẹ ò rí olè, ibẹ̀ ni wọ́n ti lè fẹ̀sùn ìbanilórúkọjẹ́ kàn yín. Ẹ tọ́jú álẹ́ẹ̀tì owó tẹ́ ẹ san àti gbogbo ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ jọ sọ lórí WhatsApp. Aṣọ tó ṣẹ́ kù, ẹ má fọ̀ ọ́ o.

Ìbéèrè: Tí mo bá pe ètò àárọ̀ lórí rédíò kan l'Abẹ́òkúta, tí mo ti dárúkọ ẹni tó wà nípò, wọ́n á já fóònù. Ṣé òfin ni?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ̀rù ni. NBC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ló máa ń bu fáìnì lé wọn lórí, ní March 2019 wọ́n bu 500,000 náírà lé ọ̀kọ̀ọ̀kan ilé iṣẹ́ 45 lórí. May 2023 ni Federal High Court l'Abuja wá fagi lé e, adájọ́ ní NBC kì í ṣe kóòtù, wọn ò lágbára láti bu fáìnì lé ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ọwọ́ NBC náà ni láísẹ́ńsì ṣì wà, ìdí nìyẹn tọ́wọ́ sọ́rọ̀sọ́rọ̀ yín fi ń gbọ̀n. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tójú yín rí: tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ títì ni, ẹ dárúkọ títì náà, ẹ sọ ọjọ́ tí kọngilá pa á tì, kẹ́ ẹ tó dárúkọ ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un.