Òpó Bàlúùnù Wó Lu Kéèkì: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dẹkọréṣọ̀n ni. Níbi ìṣílé kan, mo gbé òpó bàlúùnù méjì sí ẹnu kánópì. Kí àlejò tó jẹun tán, wọ́n ti ń bẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí atẹ́gùn òjò dé, òpó kan wó lu kéèkì. Oníbàárà mi ò san owó tó kù. Kí ni kí n ṣe? *Olùkàwé, Apẹ́tẹ́.*

Ìdáhùn: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Ọ̀tọ̀ ni ohun tó bẹ́ wọn, ọ̀tọ̀ ni ohun tó wó wọn.

O fẹ́ wọn kún jù. Bàlúùnù tí wọ́n kọ íǹṣì 11 sí lára ọ̀rá rẹ̀, má fẹ́ ẹ kọjá íǹṣì 9 fún iṣẹ́ ìta. Oòrùn ọ̀sán Ìbàdàn á mú atẹ́gùn inú rẹ̀ wú sí i. Bí kò bá sí àyè mọ́, á bẹ́. Èyí tó rí roboto ló dára. Bí ọrùn rẹ̀ bá ti ń gùn bí ìbẹ́pẹ, tú díẹ̀ jáde kí o tó so ó. Dúdú máa ń fa ooru ju funfun lọ, nítorí náà abẹ́ ìbòòji ni kí o fi í sí.

Gé ihò roboto oníǹṣì 9 sára páálí, kí o sì fi wọn bàlúùnù kọ̀ọ̀kan. Má fo èyíkéyìí, mo bẹ̀ ọ́. Ìdọ́gba yìí ni agbára òpó. So wọ́n ní méjì méjì, lọ́ méjì mọ́ méjì di mẹ́rin, kí o fi mẹ́rin yẹn há páìpù láàárín. Àwọn mẹ́rin tó tẹ̀lé e gbọ́dọ̀ jókòó sínú àlàfo àwọn ti ìsàlẹ̀. Tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ gan-an. Bí ọ̀kan bá kéré, gbogbo wọn á máa yí lórí páìpù.

Ìdí òpó ló wá kù, òun ni ọ̀pọ̀ ń fojú kéré. Iyanrìn lásán kò tó, páìpù á máa mì nínú rẹ̀. Mú báàkẹ́tì ọ̀dà lítà 20, gbé páìpù omi dúró sáàárín rẹ̀, kí o da kọnkéré dé ìdajì. Ìyẹn á tó bíi kílò 24. Jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Àwọn tèmi ti dúró nínú atẹ́gùn òjò lórí pápá ní Mólété. Síbẹ̀, mo ṣì máa ń fi okùn ìpẹja, irú èyí tí àwọn onílẹ̀kẹ̀ ń lò, so orí òpó mọ́ irin kánópì.

Ní ti owó yẹn, fi sílẹ̀ fún oníbàárà rẹ. Kéèkì rẹ̀ ló bàjẹ́.

Ìbéèrè: Ọmọ mi máa pé ọdún kan ní Sátidé. Ṣé kí wọ́n fẹ́ bàlúùnù tó ń fò láti alẹ́ Jímọ̀? *Ìyá ọmọ, Mọ́kọ́lá.*

Ìdáhùn: Rárá, ìyá ọmọ. Hílíọ̀mù, gáàsì tó ń gbé e fò, ń yọ́ gba ara rọ́bà jáde. Oníǹṣì 11 kì í sábà pé odidi ọjọ́ kan lókè. Àárọ̀ Sátidé ni kí wọ́n fẹ́ ẹ. Ẹ bi wọ́n léèrè gáàsì tó wà nínú sílíńdà wọn: haidirójìn náà ń gbé bàlúùnù fò, ṣùgbọ́n ó ń gbaná, àbẹ́là sì wà lórí kéèkì. Èyí tó bá bẹ́, ẹ tètè ṣa àjákù rẹ̀ nílẹ̀ kí ọmọ má baà fi sẹ́nu, ó lè há a lọ́fun.