Kò sí àṣẹ tó le ju kill -9 lọ, o ò sì nílò ẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ tan sáfà mi, ó ń sọ fún mi pé "address already in use" (ẹlòmíràn ti gba ibẹ̀) lórí pọ́ọ̀tù 8080, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí sáfà fi ń gbọ́ ìpè. Mo ti fi kill -9 pa èyí tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò pẹ́ tó tún fi jí. Àṣẹ wo ló tún le jù ú lọ?

Ìdáhùn: Àbúrò, kò sí. Èyí tó o pa ti kú, òmíràn lo tún ń rí. Ẹni tó ń bí i ni kó o wá lọ.

Kọ́kọ́ tẹ `sudo ss -ltnp | grep 8080`, tó bá jẹ́ Mac lò ń lò, `sudo lsof -nP -iTCP:8080 -sTCP:LISTEN`. Má fo sudo (agbára alábòójútó kọ̀ǹpútà) o, torí láìsí i, ss ò ní sọ orúkọ process (ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) tí kì í ṣe tìẹ. Níparí ìlà yẹn wàá rí nǹkan bíi pid=4127, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀ nìyẹn. Wá tẹ `ps -o pid,ppid,user,lstart,command -p 4127`. PPID ni nọ́ńbà òbí ẹ̀, lstart ni ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, tó o bá sì rí i pé kò tíì ju ìṣẹ́jú kan lọ tó bẹ̀rẹ̀, á yé ẹ pé ẹnì kan ló ń tan án padà. Lórí Linux, systemd, ètò tó ń tan àwọn ètò yòókù tó sì ń bójú tó wọn, ni lọ́pọ̀ ìgbà. `systemctl status 4127` á sọ service (iṣẹ́ tí systemd ń bójú tó) tó ni ín, tí wọ́n bá kọ Restart=always sínú fáìlì ẹ̀, pa á títí di ọ̀la, á máa padà wá. `sudo systemctl stop` pẹ̀lú orúkọ service náà ló máa dá a dúró. Tó bá sì jẹ́ docker-proxy lo rí, inú àpótí Docker ni sáfà yẹn wà, docker stop pẹ̀lú orúkọ àpótí náà ni.

Ọ̀rọ̀ -9 yìí gan-an ló ń dùn mí, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ pé kill lásán ò lágbára, -9 ni kill gidi. Irọ́ ni! Kill kì í pa nǹkan, àmì ló ń fi ránṣẹ́. Tó ò bá fi nọ́ńbà sí i, 15 ló ń lọ, ìyẹn SIGTERM, ó ń sọ fún process pé kó palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́ kó máa lọ, èyí tí wọ́n bá kọ dáadáa á wá parí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, á kọ èyí tó kù sórí dísìkì, á ti dátábéèsì. SIGKILL tíí ṣe 9 kì í dé etí ẹ̀ rárá, kernel, ọkàn ẹ̀rọ náà tó ń darí gbogbo process, á kàn gé e kúrò. Mo ti rí worker (process tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn) tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́ tí wọ́n gbá ní -9, ó ti fi wọ́n ránṣẹ́ àmọ́ kò tíì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti ṣe é, nígbà tí wọ́n tan án padà ló bá tún fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́, àwọn oníbàárà gba ọ̀kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ti PostgreSQL, ètò dátábéèsì kan, tiẹ̀ tún burú, ìwé ìlànà ẹ̀ fúnra ẹ̀ kìlọ̀ pé ká má fi SIGKILL pa process àgbà ẹ̀. Àwọn ọmọ tí process bí náà lè ṣẹ́kù sílẹ̀ lẹ́yìn -9, kí wọ́n ṣì di pọ́ọ̀tù yẹn mú.

Tí `ps aux` bá kọ Z sábẹ́ STAT ẹ̀, ó ti kú tẹ́lẹ̀, òbí ẹ̀ ni ò tíì gbà á sílẹ̀, -9 ò lè ṣe nǹkan kan sí i.

Ìgbà wo wá ni ká lò ó? Tó o bá ti fi kill lásán ránṣẹ́, tó o dúró, tí kò gbọ́. Systemd gan-an máa ń dúró fún 90 ìṣẹ́jú àáyá kó tó lo 9, tí ẹnikẹ́ni ò bá yí i padà.

Tó bá jẹ́ sáfà táwọn èèyàn ń lò lọ́wọ́, sọ fún ẹni tó ni ín kó o tó fọwọ́ kàn án, mi ò sí níbẹ̀, mi ò mọ ohun tó ń ṣe. Má sì fi PID tó o kọ sílẹ̀ láàárọ̀ pa nǹkan nírọ̀lẹ́, Unix máa ń fún òmíràn ní nọ́ńbà yẹn, tún ss tẹ̀ kó o tó tẹ kill.